Ẹni Tí Wọ́n Gba Iyè Rẹ̀ Lè Tún Ọ̀nà Yàn

Ta ni kí a dá lẹ́bi bí ẹlòmíràn bá gba iyè ènìyàn, tí ó sì rán an níṣẹ́ ibi? Ìbéèrè yìí ni ó wà nínú ìtàn Bucky Barnes, akọni inú ìwé ìtàn aláwòrán Amẹ́ríkà. Ọdún 1941 ni ó kọ́kọ́ jáde. Ní 2005, òǹkọ̀wé Ed Brubaker sọ ọ́ di ẹni tí ọ̀tá yí lọ́pọlọ, tí ó ń pànìyàn kiri. Nígbà tí iyè rẹ̀ sọ, ó di dandan kí ó yan ọ̀nà tirẹ̀.

Àwọn bàbá wa gbà pé ilé Àjàlá ni olúkúlùkù ti yan orí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹsẹ̀ ni ó ń gbé orí dé ibi ire. Nítorí náà, àyànmọ́ kì í ṣe àwáwí.

Àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn ń fi ìmùlẹ̀ de ọ̀dọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀yin òbí Mowé, Ìbàfò àti Ifọ̀, ní tèmi, ẹni tí ó bá pànìyàn gbọ́dọ̀ jẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ padà ńkọ́? Bí ilé bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, inú ẹgbẹ́ náà ni yóò padà sí. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ẹ jẹ́ kí a fi tòsì fà á mọ́ra.