Ẹni Tó Ta Tíkẹ́ẹ̀tì fún Wa Ló Yẹ Kó Sọ Ibi Tí A Ó Ti Wọkọ̀

Àwọn tó ń ṣe show ní Èkó kì í fi nǹkan kan ṣeré. Wọ́n mọ iye èrò tí gbọ̀ngàn lè gbà. Wọ́n mọ iye tí tábìlì kan jẹ́, wọ́n sì mọ géètì tí ọkọ̀ olórin yóò gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò ní mọ́tò yóò ṣe délé ní aago mẹ́ta òru, wọ́n á ní kí ẹ pe Bolt. Ó tán. Wọ́n ti gbowó wa, ìyókù dọwọ́ Ọlọ́run.

Ohun tí à ń bèèrè kò le rárá. Ayẹyẹ yòówù tó bá máa kó èrò rẹpẹtẹ jọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kí ìjọba má fún un ní ìwé àṣẹ àfi tó bá ní ibùdó ọkọ̀ áàpù. Kí ibùdó náà ní àmì, kó ní iná, kó ní ẹ̀ṣọ́. Kí Uber, Bolt àti inDrive sì ti fi sínú máàpù wọn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún èrò.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe máa ń rí ní Detty December. Ì báà jẹ́ ní òpópónà Adetokunbo Ademola ní Victoria Island, níbi tí Eko Convention Centre wà, ì báà jẹ́ ní Tafawa Balewa Square, bákan náà ni. Show parí, gbogbo wa tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wa sì fa fóònù yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Network á kú, torí pé ẹ̀rọ tó ń gbé network ládùúgbò yẹn kò lè dá gbogbo fóònù wọ̀nyẹn lóhùn pọ̀. GPS á máa ṣìnà láàárín àwọn ilé gíga, á ní òdìkejì títì lẹ wà. Dírẹ́bà á pè: "Ibo lẹ wà, ma?" Ẹ̀yin á ní iwájú géètì. Géètì wo nínú gbogbo géètì? Tó bá dúró dè yín, àwọn tó ń mú ọkọ̀ lójú pópó á ti yí i ká. Tí kò bá dúró, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Kí ẹ tó rí ẹlòmíì, owó ti fò sókè.

Ibẹ̀ ni ewu ti ń wọlé. Ó ti rẹ èèyàn, bátìrì fóònù ti fẹ́ẹ̀ tán, ẹnìkan á wá sọ pé: "Aunty, Lekki ni? Ẹ wọlé, ẹyọ kan ló kù." Ta ni kò mọ one chance ní Èkó? Ìdí tí a fi ń lo áàpù ni pé orúkọ dírẹ́bà, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ọ̀nà tó gbà wà lákọsílẹ̀. Ẹni tí a bá fi ìdààmú lé kúrò lórí áàpù lóru, ààbò yẹn gan-an la gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì sí pé kó fo ọ̀kadà mọ́. Láti oṣù Kejì ọdún 2020 ni ìjọba ti fòfin dè é ní Eti-Osa, Lagos Island àti Surulere, àwọn ibi tí ayẹyẹ ńlá pọ̀ sí jù.

Ẹ má jẹ́ ká di ẹ̀bi ru dírẹ́bà náà. Epo tó fi ń yí àdúgbò po, òun ló ra á. Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ ọjọ́ bíi mélòó ló ti wọgbó nìyẹn. Òfin tó bá ní "má dúró níbí, má dúró lọ́hùn-ún," tí kò wá sọ ibi tí èèyàn lè dúró sí, pàkúté ni.

Àwa tí à ń kọ software fún oúnjẹ òòjọ́ mọ̀ pé ti kọ̀ǹpútà kọ́ ló le níbẹ̀. Èèyàn á fa ìlà yí ilẹ̀ náà ká lórí máàpù, á sàmì sí ibùdó kan tàbí méjì. Ẹni tó bá pe ọkọ̀ láti inú ìlà yẹn, áàpù á darí òun àti dírẹ́bà síbẹ̀. Uber tilẹ̀ ti lo ètò mìíràn ní àwọn pápákọ̀ òfuurufú kan ní Amẹ́ríkà: èrò á gba nọ́ńbà lórí fóònù, á tò, á wọ ọkọ̀ tó bá kàn án, dírẹ́bà á sì tẹ nọ́ńbà náà. Kò sí pé à ń wá Corolla dúdú kan láàárín ọgọ́rùn-ún Corolla dúdú. Ohun tí kóòdù kò lè ṣe ni kó wá ilẹ̀, kó tan iná síbẹ̀, kó sì lé ẹni tó páàkì dí ọ̀nà. Iṣẹ́ ìjọba àti ti ẹni tó pe èrò jọ nìyẹn.

Àyè náà sì gbọ́dọ̀ tó o. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, pápákọ̀ òfuurufú Los Angeles kó ọkọ̀ áàpù àti takisí kúrò níwájú ibi tí èrò ti ń jáde, wọ́n kó wọn lọ sí ibùdó kan tí wọ́n pè ní LAX-it. Ìlà gùn, ariwo ta. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n fẹ ibẹ̀ lójú sí i. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ ka èrò kí ẹ tó wọn ilẹ̀, tí àyè bá sì kéré, kí ẹ tètè tún un ṣe.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ará Èkó ò lè tò. Irọ́ ni. Láti ìgbà tí BRT ti dé lọ́dún 2008 la ti ń tò fún un, nínú òjò, nínú oòrùn. Ìdí tí a fi ń tò ni pé a mọ ibi tí bọ́ọ̀sì máa dúró sí. Wọ́n á ní ọ̀nà á jìn. Tó bá jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lójú ọ̀nà tó ní iná, a ó rìn ín tayọ̀tayọ̀, bí wọ́n bá ṣáà ti fi àyè tó súnmọ́ géètì sílẹ̀ fún arúgbó, aláboyún àti ẹni tí kò lè rìn.

Èyí tó wúwo jù nínú àwíjàre wọn ni ti agbèrò. Tí ẹ bá ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ ní Èkó, kó tó di ọjọ́ kejì, ẹnìkan ti dé pẹ̀lú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Òótọ́ ni, a ò sì ní díbọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí òfin kọ ọ́ ketekete pé kò sí owó kankan tí dírẹ́bà máa san ní ibùdó náà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbà á, ẹni tó ṣe ayẹyẹ ni yóò jẹ̀bi, kó sì hàn nígbà tó bá tún wá gbàwé àṣẹ míì. Ẹ ó rí i bí agbèrò ṣe máa pòórá.

Kí ìjọba má sì sọ pé apá òun ò ká a. Lọ́dún 2020, ìjọba Èkó bá àwọn ilé iṣẹ́ áàpù jókòó, wọ́n sì fẹnu kò sí ₦20 lórí ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan fún àtúnṣe ọ̀nà. Ẹni tó lè ka ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan láti gbowó lórí rẹ̀ lè sọ ibi tí ìrìnàjò náà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Lagos State Safety Commission wà níbẹ̀ láti bójú tó ààbò níbi ayẹyẹ. Ààbò kò parí sínú gbọ̀ngàn. Ó di ìgbà tí èrò bá wọkọ̀.

Disẹ́ńbà ò ní pẹ́ dé. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ sábẹ́ pósítà wọn lórí Instagram, kí ẹ bi wọ́n léèrè: "Níbo ni ọkọ̀ máa ti gbé wa?" Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ fowó yín sápò.