Ẹ Má Sọ Ohun Tí Ń Fò Di Ère

Ìwé pẹlẹbẹ sí àwọn Yorùbá tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Òórùn epo lárà ni mo kọ́kọ́ gbọ́. N kò tíì rí ọkọ̀ òfurufú kankan ní pápá òfurufú Old Warden, lẹ́bàá Biggleswade ní Bedfordshire, tí òórùn yẹn ti wọ imú mi, tí mo ń wo ọ̀tún wo òsì bóyá ìyá àgbà kan wà nítòsí tó fẹ́ ki ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu. Epo tí wọ́n fi ń fọ inú ọmọ nílé wa ni! Mẹkáníìkì kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló là mí lọ́yẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà ogun àgbáyé kìíní ló ní ẹ́ńjìnnì tí gbogbo ara rẹ̀ ń yí pọ̀ mọ́ abẹ̀bẹ̀ imú ọkọ̀, epo lárà ni wọ́n sì ń dà sí i. Epo náà kì í padà sí àgbá. Ẹ́ńjìnnì ń tu ú dànù ni, sára ìyẹ́, sójú awakọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wà wọ́n nígbà náà ń fa èéfín rẹ̀ símú, wọ́n ń gbé e mì, ìgbẹ́ gbuuru sì ń ṣe wọ́n. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní èyí ní iléèwé.

Mo ti padà lọ síbẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Àfihàn ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn ọkọ̀ tó dàgbà jù níbẹ̀, tí wọ́n ti kàn kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, kò lè fara da afẹ́fẹ́, nítorí igi, wáyà àti aṣọ lásán ni wọ́n. Gbogbo èrò á jókòó sórí koríko, wọ́n á máa wo àpò aṣọ tí wọ́n so mọ́ orí òpó láti fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Bó bá ṣì ń jù fẹ́rẹfẹ́rẹ, kò sí nǹkan kan. Bó bá rọ̀ wálẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n sá sórí okùn, ariwo á rọlẹ̀. Wọ́n á ti ọkọ̀ Blackburn ọdún 1912 jáde, wọ́n á di ìrù rẹ̀ mú nítorí kò ní bíréèkì. Ẹnìkan á fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á ké, á dákẹ́, á tún ké: awakọ̀ kò lè dín ìyára rẹ̀ kù bí ti mọ́tò, ṣe ló ń pa á tó tún ń tàn án. Yóò sáré díẹ̀ lórí koríko, yóò gbéra jẹ́jẹ́, bí àlejò tó ń tọrọ àyè. Bó bá fẹ́ yà, ìyẹ́ fúnra rẹ̀ ni wáyà ń fà tó ń lọ́, àwa tó wà nísàlẹ̀ sì ń rí i kedere. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún méje nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Dádì, ó ń mí."

Richard Shuttleworth, ọmọ olówó tó fẹ́ràn eré ìje mọ́tò, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọkọ̀ ibẹ̀ jọ. Ní 1935 ló gba Blériot ti ọdún 1909, ọkọ̀ tí wọ́n ti fi kọ́ èèyàn ní Hendon rí, tí wọ́n sì ti pa tì. Ní oṣù kẹjọ 1940, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ ogun òfurufú lóru, ọkọ̀ já, ó kú. Ẹni ọdún 31 ni. Dorothy ìyá rẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1944 ní ìrántí rẹ̀, kí wọ́n lè máa kọ́ èèyàn níṣẹ́ òfurufú àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn níbẹ̀: kíkọ́. Obìnrin náà kò sọ pé kí wọ́n to ẹrù ọmọ òun sí yàrá kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyẹn. Ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ tó ṣì ń fò ń bọ́ ọmọ iṣẹ́. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ gán aṣọ mọ́ egungun ìyẹ́, bí wọ́n ti ń kùn ún títí yóò fi le bí awọ ìlù, bí wọ́n ti ń fetí mọ ẹ́ńjìnnì tí àìsàn ń ṣe. Èyí tó dúró sórí símẹ́ńtì, akísà ìnukù nìkan ló nílò. Ẹni tó bá ti rí dùndún tí wọ́n gbé kọ́ ògiri òtẹ́ẹ̀lì mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ lọ wo Hendon. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọmọ ogun òfurufú tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 1972 dára, ọ̀fẹ́ ni, n kò kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń fò níbẹ̀. Bó bá tilẹ̀ fẹ́ fò, níbo ni yóò ti sáré? Àwọn ilé Grahame Park ló wà lórí pápá òfurufú àtijọ́ ibẹ̀ báyìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń gbé ibẹ̀, tí wọn kò mọ̀ pé orúkọ awakọ̀ òfurufú, Claude Grahame-White, ni wọ́n ń kọ sára àpòòwé wọn. Ẹ tún wo ọkọ̀ Comet pupa tó wà ní Old Warden, èyí tó gba ipò kìíní nínú ìdíje láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Ọsirélíà ní 1934. Stag Lane ní Edgware ni ilé iṣẹ́ de Havilland ti kàn án, Hatfield ló ti kọ́kọ́ fò. Pápá méjèèjì ti di ilé. Pápá òfurufú Panshanger náà tì ní 2014. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí pápá òfurufú Roosevelt Field fẹ́ di ọjà ńlá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cole Palen fi owó tó ti kó jọ ra ọkọ̀ àtijọ́ mẹ́fà níbẹ̀ ní 1951, ó kó wọn lọ sí Rhinebeck, ó sì ń fò wọ́n fún èrò ìwòran títí ó fi dàgbà.

Mo mọ̀ pé èèyàn nílò ilé. Èmi náà ti san owó ilé nílùú yìí, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n láti 2018 ni ìlànà ìkọ́lé ìjọba ti sọ pé kí àwọn káńsù mọ iyì àwọn pápá òfurufú kéékèèké. Mímọ iyì kò tó. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé káńsù kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ilé lórí irú pápá bẹ́ẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ibòmíràn tí àwọn ọkọ̀ ibẹ̀ lè lọ.

Ẹnìkan á rán mi létí Shoreham. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ní oṣù kẹjọ 2015, jẹ́ẹ̀tì ológun àtijọ́ kan já sórí títì níbi àfihàn, ọkùnrin 11 kú. Ó tọ́ bí CAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú, ṣe mú òfin le. Ohun tí n kò fara mọ́ ni bí wọ́n ṣe fi kún owó ìwé àṣẹ àfihàn, tó ń dun pápá koríko ju bó ṣe ń dun àwọn ńlá lọ. Jẹ́ẹ̀tì tó ń sáré bí àrá kì í ṣe ẹgbẹ́ Blackburn tó ń lọ bí kẹ̀kẹ́. Kí owó ìwé àṣẹ máa tẹ̀lé bí ọkọ̀ ti wúwo tó àti bí eré rẹ̀ ti pọ̀ tó.

Àwọn mìíràn á ní ohun tó bá ń fò lè fọ́, ojúlówó kan ṣoṣo ló sì wà. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí Blériot Old Warden kò fi ń ṣe ju kó fò díẹ̀ lọ tààrà kó tún balẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọkọ̀ Boxkite tó ń yí pápá ká jẹ́ àwòkọ tí wọ́n kàn fún fíìmù kan. Arúgbó kì í jó bí ọ̀dọ́. Kò túmọ̀ sí pé ká fi í sínú àpótí.

Kí ló wá kàn wá nínú gbogbo èyí? Ní 1941, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú kan sílẹ̀ tó ń fi ọkọ̀ Spitfire jà, orúkọ wa ló ń jẹ́: 91 (Nigeria) Squadron. Owó tí àwọn èèyàn Nàìjíríà dá ló bí orúkọ náà. Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, wọ iṣẹ́ awakọ̀ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ọ̀gá ológun níbẹ̀ nígbà tí irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ rárá. Ó kú sẹ́nu iṣẹ́ ní 1945. Nígbà tí Spitfire Old Warden bá kọjá lórí wa, tó ń hó, mo máa ń sọ ìtàn yìí fún ọmọ mi. Mo fẹ́ kí ẹni tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú níbẹ̀ náà sọ ọ́.

Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè dìbò yan aṣòfin níbẹ̀, kódà bí kò tíì di ọmọ ìbílẹ̀. Nítorí náà ẹ kọ lẹ́tà sí tiyín. Ojú ewé kan tó: òfin pápá, owó ìwé àṣẹ, owó oṣù fún ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ igi àti aṣọ ìyẹ́. Bẹ́ ẹ bá sì ń lọ sí Old Warden fúnra yín, ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání. Bí àpò orí òpó yẹn kò bá tètè rọ̀, ẹ ó jókòó pẹ́.