Ta Ló Ń Bá Ẹ Wo Fọ́tò Ẹ?

Ẹ̀yin onífọ́tò wa, ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ ẹ̀ han ìyàwó ilé nìkan, “ó dáa” náà ló máa gbọ́ títí. Lọ́dún 2001, Uche James-Iroha, Kelechi Amadi-Obi, Amaize Ojeikere àti TY Bello pàdé ní Bamako, ni wọ́n bá dá ẹgbẹ́ Depth of Field sílẹ̀. L'Ékòó, wọ́n máa ń kó fọ́tò síwájú ara wọn, wọ́n á sọ ibi tó kù sí. Ẹ má bínú o, “kò dáa” lásán kì í ṣe àtúnṣe. Sọ fún un pé òpó iná ló hù lórí ìyàwó yẹn, pé ká ló sún díẹ̀ ni. Kóun náà má fajú ro. Oníbàárà ò ní bá a jà, ibòmíì ló máa gbé iṣẹ́ tó kàn lọ.