Ẹ̀RỌ TÍ KÒ YÍ, KÍ NI KỌ̀ǸPÚTÀ FẸ́ KÀ LÁRA RẸ̀?



Ní oṣù kẹta ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí dáàmù odò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọ́n kọ́ ọ kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi mu, kí àwọn àgbẹ̀ sì rí omi fi rin oko wọn. Wọ́n tún gbé ẹ̀rọ mẹ́ta síbẹ̀ tí omi yóò máa yí kí iná mànàmáná lè jáde, mẹ́gáwáàtì 3 láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún 2007 dé, ó di ọdún mẹ́rìnlélógún, wọn kò tíì lo ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Omi ń kọjá lọ, owó ìlú jókòó síbẹ̀, ó ń dípẹtà.

Ìbò tún ń bọ̀ báyìí. Ẹ ó rí ẹni tí yóò gun orí pèpéle, tí yóò ní kọ̀ǹpútà lòun yóò fi máa darí omi àti iná yín. Ẹ pàtẹ́wọ́ bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ kí ẹ tó tẹ̀ka.

Ẹgbẹ́ wa kò bá kọ̀ǹpútà jà o. Bí wọ́n bá fi ohun èlò tí ń wọn omi sínú dáàmù àti páìpù, tí ó ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, òṣìṣẹ́ yóò mọ̀ pé omi ti ń kún, yóò sì kìlọ̀ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn dáàmù. Yóò mọ ibi tí páìpù ti bẹ́. Ní Portland, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní 2015, ẹ̀rọ tí wọ́n fi sínú páìpù omi ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná jáde.

Ṣùgbọ́n ohun èlò yìí náà ń jẹ iná. Bí iná bá lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì sí, ojú kọ̀ǹpútà a ṣókùnkùn, omi ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ pé òyìnbó tó tà á nìkan ló lè tún un ṣe, ọjọ́ tí owó rẹ̀ bá pẹ́ ni iṣẹ́ dúró.

Olè tún wà. Ní oṣù kọkànlá 2023, ní ìlú Aliquippa ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀tá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ẹ̀rọ tó ń ti omi lọ sílé àwọn èèyàn. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nọ́ńbà àṣírí tó bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé iṣẹ́ ni wọn kò yí padà. Kí ló yọ wọ́n? Àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ bí a ti ń fi ọwọ́ darí ẹ̀rọ ni. Wọ́n pa kọ̀ǹpútà, omi kò dá.

Nítorí náà, ẹ bi olùdíje yín, àti ti ẹgbẹ́ tiwa pẹ̀lú: Ṣé ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ yí kí ẹ tó ra kọ̀ǹpútà? Àwọn ọmọ wa wo lẹ ó kọ́ níṣẹ́, ṣé ẹ ó sì máa san owó oṣù wọn déédéé? Ta ni yóò pa nọ́ńbà àṣírí mọ́? Ọwọ́ ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn dáàmù lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà bá kú?

Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ má fún un níbò. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́, òṣìṣẹ́ ló tẹ̀lé e, kọ̀ǹpútà ló kẹ́yìn. Ẹ fi ìbò yín sọ ọ́.