Oníwàásù Tí Kò Bẹ̀rù Ojú Ènìyàn

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sí igun ìdílé wa ní ọ̀sẹ̀ yìí kò rọrùn fún mi láti kọ, nítorí pé orí ara mi ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá ará ilé mìíràn wí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbá àgbàlá tirẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó kàn mí láti wàásù nínú ìjọ tí mo ń sìn. Ẹ̀kọ́ kíkà ọjọ́ náà wá láti inú ìwé wòlíì Ámósì, ní orí kẹjọ, níbi tí wòlíì náà ti bá àwọn oníṣòwò Ísírẹ́lì wí nítorí òṣùwọ̀n tí wọ́n sọ di kékeré, àti ìwọ̀n èké tí wọ́n fi ń rẹ́ tálákà jẹ. Mo ti múra sílẹ̀ láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé èmi yóò sọ̀rọ̀ nípa kóńgò tí a lu ìdí rẹ̀ wọ inú, ohun tí gbogbo ará ọjà mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í dárúkọ. Ṣùgbọ́n bí mo ti gun àga ìwàásù, tí mo sì gbé ojú mi sókè, ẹni tí mo kọ́kọ́ rí ni bàbá kan ní ìlà iwájú, oníṣòwò gààrí àti ìrẹsì, ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra páànù tí a fi bo ilé Ọlọ́run náà ní ọdún tí ó ṣáájú. Gbogbo wa ni a mọ irú kóńgò tí ó ń lò. Bí mo ti rí i, ahọ́n mi wúwo ní ẹnu mi. Mo pa ìwé mi dé, mo sì wàásù nípa sùúrù. Sùúrù dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí a rán mi ní ọjọ́ náà.

Nígbà tí a túká, ìyá arúgbó kan dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà. Ìyá náà a máa ra gààrí ní díẹ̀díẹ̀ láti fi bọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo tẹríba, mo wí pé, “Ẹ kú ìsìn, Ìyá.”

Ó dáhùn pé, “Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Bàbá Kátíkíìsì. Ẹ má bínú sí mi o, èmi kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kà fún wa ní òwúrọ̀ yìí, tí ó jọ ọ̀rọ̀ kóńgò létí mi, kí ni Ọlọ́run wí sí i? Mo ń retí rẹ̀ títí a fi ṣe Oore-ọ̀fẹ́.”

Ẹ̀yin ará, èmi kò rí èsì kan fọ̀ fún un. Mo ní kí ó máa lọ ní àlàáfíà, èmi fúnra mi kò sì ní àlàáfíà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé kí ni ìgboyà oníwàásù, níbo ni a sì ti ń rí i. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé ariwo kì í ṣe ìgboyà. Ní òde òní, ohùn ìwàásù kò wọ́n wa. A ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, a ń gbọ́ ọ ní ọjà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ń gbé e wọ inú yàrá wa ní òru. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa sí ohun tí a ń wí. A ń bá àjẹ́ tí a kò rí wí, a ń bá ọ̀tá tí kò lórúkọ jà, a ń bú ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ìlú òkèèrè tí kò lè gbọ́ wa. Ẹni tí ó fi òṣùwọ̀n èké kọ́ ilé, ẹni tí ó jẹ ogún ọmọ òrukàn, ẹni tí kò san owó ọ̀yà ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn wọ̀nyí jókòó níwájú wa, wọ́n ń ṣe Àmín. Àwọn àgbà wí pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwa ń ṣe.

Wòlíì Nátánì kò pariwo nígbà tí ó tọ Ọba Dáfídì lọ. Ó pa ìtàn ọ̀dọ́-àgùntàn kan fún un ní ohùn jẹ́jẹ́, nígbà tí ọba sì ti dá ẹjọ́ tán, ó fi hàn án pé orí ara rẹ̀ ni ó dá a lé. Ní ààfin ọba ni ó ti wí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ní ẹ̀yìn ilé. Ìgboyà ni èyí: láti sọ òtítọ́ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, níbi tí ó ti lè fi ìyà jẹ ọ́ nítorí rẹ̀, kí ìfẹ́ sì wà nínú rẹ̀ tí yóò fi lè ronú pìwà dà.

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa. James Johnson, ẹni tí àwọn ènìyàn ń pè ní Johnson Mímọ́, ni a bí ní Sàró fún bàbá tí í ṣe Ìjẹ̀ṣà àti ìyá tí í ṣe Ìjẹ̀bú. Ó wá sí Èkó ní ọdún 1874. Ní ọdún 1877, ẹgbẹ́ C.M.S. fi í ṣe alábòójútó àwọn ìjọ tí ó wà ní ìlú òkè, ó sì fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ní ẹrú nínú ilé wọn, àní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ pàápàá. Ó ti di àṣà, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà. Johnson fi ọwọ́ kàn án. Ó tẹnu mọ́ ọn pé kò yẹ kí ẹni tí ń jíṣẹ́ Kristi máa ní ènìyàn bíi tirẹ̀ ní ẹrú. Ó sì tún béèrè pé kí àwọn ọmọ ìjọ máa san owó kíláàsì kí ìjọ lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ àwọn àgbààgbà nínú, ẹ̀sùn rẹ̀ pọ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1880 a mú un kúrò níbẹ̀, ó padà sí Èkó.

Àwọn kan wí pé ọwọ́ rẹ̀ le jù, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí yóò dìde lónìí láti wí pé àwọn olówó ẹrú wọ̀nnì ni ó jàre? Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Òtítọ́ tí Johnson gbé lọ sí ọjà Abẹ́òkúta kùtà ní ọdún 1880, síbẹ̀ kò bàjẹ́. Ní ọdún 1900 a fi ẹni kan náà jẹ bíṣọ́ọ̀bù.

Ǹjẹ́ níbo ni a ti ń rí irú àwọn oníwàásù bẹ́ẹ̀? Wọn kì í bọ́ láti ọ̀run ní ọjọ́ kan. Samuel Àjàyí Crowther ni a rì bọmi ní ọdún 1825. Ó wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay nígbà tí a dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1827, ó ṣe olùkọ́, ó tún lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Islington ní ìlú London, nígbẹ̀yìn a fi í joyè àlùfáà ní ọdún 1843. Ẹ kà á: ó fẹ́rẹ̀ tó ọdún méjìdínlógún láti ìgbà tí ó ti bọ́ sínú omi ìrìbọmi títí ó fi di àlùfáà. Nígbà tí ó sì dúró ní Freetown ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844 láti wàásù ní èdè Yorùbá, ó jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé ó dà bí ẹni pé ọmọdé ni òun, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń fọ èdè ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bà á, kì í ṣe ẹ̀rù ènìyàn. Àwọn ènìyàn rẹ̀ tí ó gbọ́ ọ dáhùn pé, “Kí ó ṣẹ!” Ọkùnrin tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣì ń wárìrì níwájú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n lónìí a ń rí ẹni tí ó gba ìpè ní àárọ̀ Ọjọ́rú, tí ó sì fi ìdí ìjọ múlẹ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi.

Ẹ má ṣe rò pé ìwé nìkan ni mo ń sọ. Ẹ wo Daniel Olúbi. Ọ̀dọ̀ David Hinderer àti Anna aya rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní ọdún 1853, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ó gbọ́ àdúrà wọn ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860, tí ọ̀nà sì dí, ó rí i bí ebi ti ń pa wọ́n tí wọn kò sì kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Nígbà tí àwọn Hinderer fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1869, Olúbi ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́, ó sì dì í mú. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nínú Ìṣe àwọn Àpósítélì náà, Àpólò mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì ní ìgboyà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ rẹ̀ kò pé. Ọkọ àti aya kan, Àkúílà àti Pírísílà, ni ó mú un sọ́dọ̀, tí wọ́n sì là á ní ọ̀nà Ọlọ́run yékéyéké. Ìdílé kan ni ó parí ẹ̀kọ́ oníwàásù náà.

Nítorí èyí ni àwọn bàbá wa fi dá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀: ti St. Andrew ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1896, ti àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1898, ti Wesley ní Ìbàdàn ní ọdún 1905. Àwọn ìjọ dá owó, àwọn òbí sì fi ọmọ sílẹ̀. Ní ìgbà náà, ọmọ tí ó bá jáde níbẹ̀ a máa lọ ṣe tíṣà àti kátíkíìsì ní ìletò, níbi tí yóò ti mọ bí àgbẹ̀ ti ń jẹ gbèsè àti bí opó ti ń sunkún, kí ó tó di ẹni tí a ń gbé àga ìwàásù ńlá lé lọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ ìwé Ọlọ́run kò ní ohun tí yóò sọ. Ẹni tí kò mọ ìyà àwọn ènìyàn kì yóò mọ ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Ẹ̀yin ìdílé onígbàgbọ́, nǹkan mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún. Èkínní, ẹ má ṣe fi ọmọ tí ó yege fún iṣẹ́ agbẹjọ́rò, kí ẹ sì fi èyí tí ó fìdí rẹmi fún Ọlọ́run. Ẹ fi èyí tí ó já fáfá sílẹ̀ bí ó bá ní ìpè. Ní alẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ka Bíbélì sókè, kí wọ́n sì máa béèrè ìbéèrè, àní èyí tí ó bá le fún bàbá ilé láti dáhùn.

Èkejì, ẹ máa san owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọ ní àsìkò, kí ó sì ti ọwọ́ gbogbo ìjọ wá. Bí ẹnu bá jẹ, ojú a máa tì. Oníwàásù tí ó ń jẹ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo ti di ìránṣẹ́ ẹni náà, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ funfun. Ọrẹ kékeré láti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa tú ahọ́n sílẹ̀ ju ẹ̀bùn ńlá ti olówó kan lọ.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá bà yín, ẹ má ṣe kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù pé kí ó gbé e kúrò. Ẹ lọ sílé, ẹ ka orí Bíbélì tí ó wàásù lé, ẹ sì wò ó bí irọ́ ni ó pa.

Àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a ń gun àga ìwàásù, ẹ jẹ́ kí a máa ka ẹ̀kọ́ náà tán, kí a má sì fo ibi tí ó bá le. Kí a kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà wọn ara wa. Bí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan bá hàn sí wa, kí a tọ̀ ọ́ lọ ní ìkọ̀kọ̀ gẹ́gẹ́ bí Olúwa wa ti kọ́ wa, kí ó má ṣe di pé a fi àga ìwàásù bu ènìyàn.

Ó kù kí n parí ìtàn mi. Mo tọ bàbá náà lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sì jẹ́wọ́ fún un pé mo ti bẹ̀rù rẹ̀, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó sì ní kí n máa lọ. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e mo wàásù láti inú ìwé Ámósì, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, láìfo ohunkóhun. Bàbá náà kò wá sí ilé Ọlọ́run fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Owó ìkórè wa dín ní ọdún náà, ògiri yàrá àlùfáà tí a ń kọ́ sì dúró láìparí. Nígbẹ̀yìn ó padà wá, ó sì jókòó ní ẹ̀yìn. Èmi kò mọ ohun tí ó fi kóńgò rẹ̀ ṣe. Èyí wà láàrín òun àti Ọlọ́run rẹ̀ àti àwọn tí ń ra gààrí.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mo wàásù náà, ìyá arúgbó tún dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́. Ó kàn wí pé, “Bàbá Kátíkíìsì, mo gbọ́ èsì rẹ̀ lónìí.”

Kí Olúwa kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ wa lásán. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,
KÁTÍKÍÌSÌ