Fíìmù Kì í Ṣe Dígí

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024 tí àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà ti kéde ní Enúgu pé òfin máa de fíìmù, fídíò orin àti fídíò apanilẹ́rìn-ín tó bá ń gbé oògùn owó àti sìgá lárugẹ, ni gbajúgbajà olóòtú fíìmù kan ti ń fapá jánú kiri orí rédíò. Ó ní dígí lásán ni àwọn. Ó ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láwùjọ ni dígí ń gbé sójú, kí ẹni tí ojú rẹ̀ kò dára má bínú sí dígí. Ó ní kò tíì sí ẹni tí fíìmù sọ di apààyàn.

Irọ́ ni. Fíìmù ń kọ́ni, rédíò ń kọ́ni, tẹlifíṣọ̀n ń kọ́ni. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nǹkan gbọ́dọ̀ gbà pé olùkọ́ ni òun, kó sì dáhùn fún ohun tó kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká yẹ dígí yìí wò dáadáa, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn sá pamọ́ sí. Dígí kì í kọ ìwé eré. Dígí kì í pe òṣèré jọ, kó ní kí èyí sunkún, kó ní kí tọ̀hún bọ́ sínú jíìpù. Dígí kì í gé èyí tí kò bá wù ú dànù. Ládùúgbò kan náà tí aṣoògùn owó wà, télọ̀ tó fi ogún ọdún ránṣọ kó tó kọ́lé wà níbẹ̀. Ìyá tó fi owó àkàrà rán ọmọ ní yunifásítì wà níbẹ̀. Mẹkáníìkì tí gbogbo àdúgbò fọkàn tán wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ dígí ni, kí ló dé tí kì í rí àwọn wọ̀nyí? Ó rí wọn. Olóòtú ló ní wọn kò ní tà.

Ta ló sì ń sanwó fún dígí? Àwọn tó ń ta ilẹ̀, àwọn tó ń ta ìpara àti àwọn tó ń ta ọtí ń sanwó kí ọjà wọn lè jáde nínú fíìmù, kí òṣèré kan ṣáà lè mú un dání fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá wo eré náà tán máa dìde lọ ra nǹkan ọ̀hún. Olóòtú gba owó náà, ó fọwọ́ sí rìsíìtì. Ó gbà nígbà náà pé fíìmù lè mú kí ènìyàn ra ìpara, ṣùgbọ́n kò gbà pé ó lè mú kí ọmọdékùnrin tí ebi ń pa gbà pé orí ènìyàn ń di owó. Tó bá wá di alẹ́ ọjọ́ àmì ẹ̀yẹ, ọkùnrin yìí kan náà ló máa gorí ìtàgé, tí yóò ní fíìmù àwọn ló gbé àṣà Yorùbá dé òkè òkun, àwọn ló jẹ́ kí ọmọ tí wọ́n bí sí London gbọ́ èdè baba rẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n ṣe é, a sì kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n agbára tó gbé èdè dé London náà ló gbé igbá ètùtù wọ yàrá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Agbára kan ṣoṣo ni. Kò sí bí ẹnì kan ṣe máa gba ìyìn rẹ̀, kó wá di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwùjọ.

Àwọn tó ń ṣèjọba kò tan ara wọn jẹ rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Hubert Ògúǹdé gbé eré Yorùbá Ronú jáde lọ́dún 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí Akíntọ́lá ń darí fòfin de òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jákèjádò ẹkùn náà. Àfi lọ́dún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ìwà ìkà ni òfin ọ̀hún, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó ń fòfin de ohun tí kò lè yí ẹnikẹ́ni lọ́kàn padà.

Kó tó dìgbà yẹn, láti ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ti ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá jáde. I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ ọ́. Àwọn tó ń kà á gbà pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni. Wọ́n kọ̀wé sí i, wọ́n bá a kẹ́dùn, owó pàápàá dé. Inú bébà lásán ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀, kí tẹlifíṣọ̀n tó dé Ìbàdàn lọ́dún 1959, kí ẹnikẹ́ni tó mọ fídíò.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń hun fíìmù oògùn owó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jẹ gbèsè, bàbá onílé ti kó ẹrù rẹ̀ síta. Ọ̀rẹ́ ilé ìwé rẹ̀ kan yọ sí i nínú jíìpù, ó mú un dé òde àríyá tí wọ́n ti ń náwó fún olórin bí ẹni pé bébà ni. Kò pẹ́, wọ́n wọ igbó. Bàbá aláṣọ pupa kan ti jókòó, ó fi ẹfun àti osùn kun ojú, agbárí ènìyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, a rí ìyàwó ọmọkùnrin náà nínú yàrá kan, aṣọ funfun lọ́rùn, igbá lórí, owó sì ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ìgbádùn ni: ilé alájà, mọ́tò, ọtí, orin tí wọ́n fi ń kì í. Àfi ìgbà tí eré bá kù díẹ̀ kó parí ni wèrè máa kọlù ú lójú títì, tí pásítọ̀ máa gbé Bíbélì dé. Olóòtú ní apá ìgbẹ̀yìn yẹn ni ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó ti fi wákàtí kan wo ìgbádùn kì í gbé apá ìgbẹ̀yìn lọ sílé. Ohun tó gbé lọ ni pé oògùn náà jẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn rí fíìmù kan tí wọ́n gbé igbá lé obìnrin náà lórí tí owó kọ̀ tí kò jáde.

Bàbá aláṣọ pupa yẹn gan-an ń bíni nínú. Nínú fíìmù Aiyé tí Ògúǹdé ṣe lọ́dún 1979, Ọ̀ṣẹ́túrá, tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, jẹ́ onísègùn tó ń gbèjà ìlú lọ́wọ́ àwọn òṣìkà. Ìran tó wo eré náà mọ̀ pé onísègùn lè jẹ́ ẹni rere. Lẹ́yìn ìyẹn ni káséẹ̀tì gbòde. Living in Bondage, tí wọ́n ṣe lédè Ìgbò lọ́dún 1992, sọ ìtàn ọkùnrin tó fi ìyàwó rẹ̀ ṣètùtù ọlà, ó tà bí nǹkan míì, gbogbo ọjà bá ya síbẹ̀. Babaláwo di ẹni tó ń fi orí ènìyàn ṣòwò. UNESCO kéde lọ́dún 2005 pé Ifá wà lára ohun iyebíye tí aráyé ní, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lóde òní, tó bá rí ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa fà. Ta ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀?

Àwọn olóòtú fíìmù yìí náà ló fi ọdún gbọọrọ gé ìtàn kan ṣoṣo sí méjì. Ìtàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dùn, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà sójú tẹlifíṣọ̀n pé ká máa retí apá kejì, kéèyàn lè tún lọ sanwó fún káséẹ̀tì mìíràn. Ọ̀pọ̀ òǹwòran kò tíì dárí ìyẹn jì wọ́n. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìtàn de ènìyàn mọ́lẹ̀ títí yóò fi ra apá kejì kò lè wá sọ lónìí pé ìtàn kò lágbára lórí ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ọwọ́ tẹ àwọn ọmọkùnrin kan l'Ábẹ́òkúta níbi tí wọ́n ti ń sun orí ọmọbìnrin kan nínú ìkòkò. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé orí Facebook lòun ti kọ́ ọ. Àwọn onídígí di ọ̀rọ̀ yìí mú ṣinṣin: Facebook ni, kì í ṣe fíìmù. Bí Facebook bá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ta ló ti kọ́kọ́ gbìn ín sí i lọ́kàn pé ó ń jẹ́? Ìṣẹ́ wà níbẹ̀, àìríṣẹ́ṣe wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́ kì í sọ fún ènìyàn ohun tó máa ṣe sí ìṣẹ́. Ìtàn ló ń sọ ìyẹn.

Àwọn adájọ́ pàápàá ti dá irú ẹjọ́ yìí rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, ilé ẹjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní Arusha dá méjì lára àwọn tó dá rédíò RTLM sílẹ̀ ní Rwanda lẹ́bi, pẹ̀lú olóòtú ìwé ìròyìn Kangura, nítorí ìpakúpa ọdún 1994. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé sáfẹ́fẹ́ àti èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ló wà nídìí ẹjọ́ náà. Lọ́dún 2007, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín ẹ̀wọ̀n wọn kù, kò dá wọn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi olóòtú fíìmù wé àwọn yẹn. Ṣùgbọ́n àwáwí pé a kàn ń sọ ohun tó wà nígboro kò tó gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní Arusha, kò sì yẹ kó tó ní Ìbàdàn.

Òfin ìjọba nìkan kò lè tún èyí ṣe. Fíìmù ti kúrò lọ́jà Ìdúmọ̀tà l'Ékòó, ó ti bọ́ sórí YouTube, ọmọ tó ní fóònù ti wò ó tán kí òṣìṣẹ́ àjọ kankan tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é ni iṣẹ́ wà. Túndé Kèlání ṣe Ṣaworoidẹ lọ́dún 1999, ó fi ìlù àti oyè sọ̀rọ̀ nípa agbára àti ìwọra, gbogbo ilé ló sì wò ó. Kí olóòtú wa náà kó gbogbo fíìmù ètùtù ọlà tó ti ṣe jáde, kó sọ fún àwọn òbí mélòó nínú wọn ni oògùn náà ti kọ̀ láti jẹ́.