Kó Tó Gbé Èèyàn, Ẹ Jẹ́ Kó Kọ́ṣẹ́ Ná

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Pọ́bẹ̀, ní Ṣakétẹ́ àti ní Àjàṣẹ́! Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ti ìrìn àjò dé, "Ẹ kú ewu" là ń kí i. Àwọn baba wa ti mọ̀ pé ewu ń bẹ lọ́nà kí ọ̀nà ọlọ́dà tó dé ìlú wa. Ohun tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí ni pé ewu tó wà lójú ọ̀nà báyìí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Àfọwọ́fà ni.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. Ọmọ wa tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ó lè lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òbí á sanwó, ọmọ á máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ara, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ. Lọ́jọ́ tó bá gba ìwé ẹ̀rí, a ó pe ẹbí jọ, a ó da àtíkè sí i lórí, a ó jó. Kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún? Kó má baà ba aṣọ aláṣọ jẹ́ ni.

Bí ọmọ yẹn kan náà bá fẹ́ ṣe zemidjan ńkọ́? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á mú un lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ nírọ̀lẹ́, á fi bíréèkì hàn án, á fi jíà hàn án, ó parí. Nígbà tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti gba alùpùpù lọ́wọ́ ẹni tí yóò máa sanwó fún lójoojúmọ́, ó ti gbé ìyá ọlọ́mọ kan sẹ́yìn, tòun ti ọmọ àti apẹ̀rẹ̀ tòmátì, ó ti mú ọ̀nà ọjà pọ̀n. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè nǹkan kan. Ẹni tó lè ba aṣọ jẹ́ fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́, ẹni tó lè gba ẹ̀mí èèyàn fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo kọ́ ọ. Ṣé ó bójú mu?

A ò sọ èyí láti fi àwọn zemidjan wa ṣẹ̀sín o. Ọmọ wa ni wọ́n, ọkọ wa ni wọ́n, ọmọ ẹgbẹ́ wa sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Níbi tí ọkọ̀ ìjọba kò dé, àwọn ló ń gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn lóru, àwọn ló ń gbé ọmọ wa lọ sílé ìwé. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe. Torí pé iṣẹ́ gidi ni la ṣe ní kí wọ́n máa kọ́ ọ bí iṣẹ́ gidi. Àwa tí a máa ń gbèjà wọn nígbà tí wọ́n bá fìyà jẹ wọ́n lójú ọ̀nà, àwa náà ló yẹ ká sọ òótọ́ yìí fún wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2023 pé bí 1,190,000 èèyàn ni jàǹbá ojú ọ̀nà ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún. Nínú 100 tó ń kú bẹ́ẹ̀, 92 ló jẹ́ ará àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, bí irú tiwa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ọkọ̀ 100 tó wà láyé, bí 60 péré ló wà lọ́dọ̀ wa. Láàárín àwọn tó wà láti ọmọ ọdún 5 sí ọdún 29, kò sí àìsàn kankan tó ń pa wọ́n tó jàǹbá ọ̀nà. Àwọn tí à ń rán níléèwé nìyẹn, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́yàwó nìyẹn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí iye òkú ojú ọ̀nà dín sí ìdajì kó tó di òpin 2030. Ọdún yẹn ò jìnnà mọ́.

Àwa náà kò sì ní láti lọ jìnnà ká tó rí i. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì èrò àti ọkọ̀ akẹ́rù forí gbárí nítòsí Ìdàáṣà, iná sì sọ. Ó lé ní ogún èèyàn tó bá a lọ. Ọ̀nà yẹn náà ló gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá lọ sí Párákú àti Malanville. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gba ibẹ̀ lóru, tí a ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ bí ọkọ̀ ńlá kan bá ti yọ níwájú.

Kí ni ọmọ wa máa kọ́ nígbà náà? Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì nìkan. Kó mọ ohun tí eré ń ṣe. Ẹni tí ọkọ̀ tó ń sá 65 kìlómítà ní wákàtí kan bá gbá, ewu ikú rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀ ju ti ẹni tí ọkọ̀ tó ń sá 50 gbá. Ìyàtọ̀ 15 péré lórí aago ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni fún ọmọ tó ń sọdá lọ ra búrẹ́dì. Kó mọ̀ pé akoto, tí gbogbo wa ń pè ní casque, kò sí fún ojú ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá dé e dáadáa tí wọ́n so okùn rẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó ń dín ewu ikú kù ju ìlọ́po mẹ́fà lọ. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn náà lórí, tirẹ̀ dà? Kó mọ̀ pé sódábì àti ọ̀nà kò bára tan. Kó mọ iye ẹrù tí alùpùpù lè gbé, kó sì mọ̀ pé èèyàn mẹ́ta lẹ́yìn awakọ̀ kan kì í ṣe ẹrù alùpùpù.

Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ́ ọ ní èdè tó gbọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun alùpùpù ní abúlé wa kò lọ jìnnà níléèwé. Bí ẹ bá kó ìwé Faransé sí wọn lọ́wọ́, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá wọn sọ ọ́ ní Yorùbá ní gáréjì, tí ẹ ya àwọn àmì ojú ọ̀nà sára pátákó, tí ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà awakọ̀ sọ ohun tí ojú wọn ti rí, kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́.

Ẹ̀kọ́ nìkan kò tó o. Ẹ̀kọ́ tí kò sí òfin lẹ́yìn rẹ̀, ariwo lásán ni. Ṣùgbọ́n òfin wo là ń rí? Awakọ̀ mọ ibi tí wọ́n máa ń dúró sí, ó sì mọ wákàtí wọn. Akoto ti wà lórí ọwọ́ alùpùpù láti ilé. Tó bá kù díẹ̀ kó débẹ̀, á dé e. Tó bá kọjá tán, á ṣí i. Bí wọ́n bá mú un, ó ti mọ iye tó máa fi sọ́wọ́. Kò gba ìwé owó, kò gba ẹ̀kọ́, ọ̀la á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe òfin, owó ibodè ni. A mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọlọ́pàá ló ń ṣe é, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe é. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń yẹ ìwé ọlọ́kọ̀ kékeré wò ní ọ̀sán, kàmíọ́nù tí kò ní iná lẹ́yìn ń kọjá ní òru. Bó bá bàjẹ́ láàárín ọ̀nà, ẹ̀ka igi ni wọ́n á já sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á ní àmì nìyẹn. Ta ló ń rí ewé nínú òkùnkùn?

Àwọn kan á ní tálákà ni àwọn zemidjan, ibo ni kí wọ́n ti rówó ẹ̀kọ́ àti owó permis? Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn, a ò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní kí wọ́n dá a gbé. Ojoojúmọ́ la ń sanwó lójà àti ní gáréjì fún kọmúùnù wa. Kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà ìbò ńkọ́? A máa ń rí àwọn tó ń wá ipò tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní owó epo àti àwọ̀ tó ní àwòrán wọn, kí wọ́n lè fi alùpùpù tẹ̀ lé wọn kiri ìlú. Bí owó epo bá wà fún ìwọ́de, owó akoto náà á wà.

Nítorí náà, ohun tí ẹgbẹ́ wa ń béèrè rèé. Lọ́wọ́ àwọn mẹ́rì wa: kí ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ alùpùpù wà ní kọmúùnù kọ̀ọ̀kan, kó má gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ ní èdè wa. Lọ́wọ́ ọlọ́pàá: kí gbogbo owó ìtanràn ní ìwé, kí wọ́n máa yẹ iná àti bíréèkì wò lálẹ́, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ ńlá. Lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn zemidjan: kí ẹnikẹ́ni má wọ aṣọ iṣẹ́ kí àgbà awakọ̀ méjì tó jẹ́rìí sí i pé ó mọ̀ ọ́n gùn. Tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ pe ẹbí rẹ̀, ẹ da àtíkè sí i lórí, àwa náà á wá bá yín jó.

Ó ku àwa tí à ń gùn ún. Àwa la máa ń sọ pé "Yára, mo ti pẹ́." Àwa la máa ń gbà kí wọ́n gbé wa lẹ́ẹ̀mẹta torí 100 fráǹkì. Ọwọ́ wa lowó wà, ẹnu wa sì lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ń sáré jù, ẹ ní kó sọ̀ yín kalẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tuntun tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lórí alùpùpù, orí tirẹ̀ náà wà lọ́rùn wa.

Kí ọjọ́ tí a bá tún ń kí ara wa pé "Ẹ kú ewu" jẹ́ ọjọ́ tí gbogbo wa pé sílé. Ọ̀nà á là fún wa o.